Ọ̀dà Olóróró Nínú Àwòrán Yíyà: Ohun Tó Yẹ Kí Olùkọ́ Mọ̀

Àìná Ọnàbólú (1882–1963), ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi ọ̀dà olóróró ya àwòrán ènìyàn ní Nàìjíríà. Ohun tó ń mú kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tọ́jọ́ ni a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín, nítorí pé púpọ̀ nínú àwòrán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ló ń sán láìpẹ́.

Ọ̀dà yìí kì í gbẹ bí aṣọ tí a sá sóòrùn. Afẹ́fẹ́ ni ó ń sọ òróró linseed inú rẹ̀ di líle. Epo pupa kì í le bẹ́ẹ̀, nítorí náà kí olùkọ́ ní Ìrókò má ṣe dán an wò, bó ti wù kí epo pọ̀ tó lọ́dọ̀ wọn.

Kí á kọ́kọ́ fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ funfun pa ojú kánfáàsì, torí òróró a máa jẹ aṣọ. Ọ̀dà ìpele kìíní ni kí á fi tọpẹntáìnì pò, kí ó fẹ́lẹ́. Kí òróró èyí tó gùn ún pọ̀ sí i. Bí a bá yí i padà, òkè yóò gbẹ ṣáájú ìsàlẹ̀, yóò sì sán.

Àkísà tí a fi nu òróró linseed lè gbaná fúnra rẹ̀ bí a bá ká a jọ sí kọ̀rọ̀ kíláàsì. Kí á tẹ́ ẹ síta kí ó gbẹ, tàbí kí á rì í sínú omi.