Ẹ̀KỌ́ 14: Ọyẹ́ àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru

Ẹ jẹ́ ká kà á:

Ẹ̀yin ará wa, láàárín oṣù 12 sí oṣù 2, ọyẹ́ ń fẹ́. Láàárọ̀, ẹ fọwọ́ kan àyà yín: ó gbóná. Ẹ fọwọ́ kan ìka ẹsẹ̀ yín: ó tutù. Kí ló fà á?

Ẹ̀jẹ̀ ń gba inú iṣan kọjá. Bí òtútù bá mú, iṣan tó wà lábẹ́ awọ a súnkì, a di tín-ín-rín. Ara ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kí ooru inú rẹ̀ má baà jáde tán. Bí ooru bá dé, iṣan náà a tún fẹ̀.

Ẹ fún ẹnu róbà omi díẹ̀: ipá omi inú rẹ̀ á pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀jẹ̀ wa rí. Nígbà òtútù, ipá ẹ̀jẹ̀ a máa lọ sókè.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tí a tún ń pè ní táńsíọ̀n, ń lo oògùn tó ń mú kí iṣan fẹ̀. Amlodipine jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Oògùn ń fẹ iṣan, òtútù ń fún un. Nítorí náà, oògùn tó tó nígbà ooru lè máà tó nígbà ọyẹ́.

Kí ni ká ṣe?

1. Ẹ má ṣe dá oògùn dúró nítorí pé ara yá. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dunni.
2. Ẹ má ṣe fi kún oògùn fúnra yín. Bí ooru bá padà dé, ẹ̀jẹ̀ lè wálẹ̀ jù, òòyì á kọ́ yín. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ yín. Bí ó bá tó 14 lórí 9, ẹ bi nọ́ọ̀sì ní ohun tí ẹ máa ṣe.
3. Ẹ wọ aṣọ tó nípọn, ẹ bo orí àti ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe gbé iná èédú sínú yàrá tí ẹ tì: atẹ́gùn rẹ̀ ń pani.
4. Bí ẹ bá jí, ẹ kọ́kọ́ jókòó díẹ̀ kí ẹ tó dìde.

Bí ẹnu ẹnì kan bá ṣàdédé wọ́, tí apá kan rẹ̀ rọ, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò já geere mọ́, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́.

Ẹ dáhùn:

1. Kí ni òtútù ń ṣe sí iṣan ẹ̀jẹ̀?
2. Ìyá àgbà kan ní: «Ara mi ti yá, mi ò lo oògùn mọ́.» Kí lẹ máa sọ fún un? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.