Ogun Inú Iṣan Ẹ̀jẹ̀

Ìbéèrè: Wọ́n ti pààrọ̀ kíndìnrín fún ẹ̀gbọ́n mi láti ọjọ́ pípẹ́. Kò ní ìrora, síbẹ̀ dókítà ní ara ń kọ kíndìnrín náà. Báwo? (Òǹkàwé kan, Kọ́bapẹ́)

Ìdáhùn: Kíndìnrín náà kò dá wá, ó gbé iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹni tó fi tọrẹ dání. Sẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ ló tẹ́ inú iṣan wọ̀nyí, àwọn gan-an sì ni ẹ̀jẹ̀ olùgbà ń fara kàn nígbà gbogbo. Àmì HLA ara wọn ló ń fi wọ́n hàn bí àjèjì.

Àwọn èròjà tí ara fi ń gbèjà ara rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí, sẹ́ẹ̀lì náà á fara pa, wọ́n á san, wọ́n á tún fara pa. Sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí náà kì í káwọ́ gbera: wọ́n ń ránṣẹ́ pe sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ wá síbi ìjà. Ògiri iṣan á nípọn, ihò rẹ̀ á há bíi páìpù tó dípẹtà, ẹ̀jẹ̀ kò ní tó kíndìnrín mọ́, àpá á sì bò ó. Gbogbo èyí lè ṣẹlẹ̀ láìsí ìrora!

Ìbejì ajọra ni dókítà Joseph Murray fi ṣe ìpààrọ̀ kíndìnrín tó kọ́kọ́ yọrí sí rere, ní Boston ní 1954, ara kò sì rí àjèjì. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gba kíndìnrín ní Nàìjíríà, láti ìgbà tí ilé ìwòsàn St. Nicholas ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2000, nílò oògùn tó ń dín agbára ìgbèjà ara kù, bíi tacrolimus, títí. Ó wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n fífo oògùn wà lára ohun tó ń tanná ran ogun yìí jù. Kí ẹ̀gbọ́n yín má fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ falẹ̀.