Òfin Tó Ń Ṣọ́ Àkọsílẹ̀ Wa

Bí ẹ bá lọ sí báńkì ní Àkúrẹ́, wọn a kọ orúkọ yín, wọn a ya fọ́tò yín, wọn a ní kí ẹ tẹ̀ka. Irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni olè òde òní ń wá.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà, ọdún 2023, Ààrẹ Tinúbú fọwọ́ sí òfin kan. Bí olè bá jí àkọsílẹ̀ wa, tí ó sì lè kó wa sí ewu, ilé-iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ fi tó Àjọ ìjọba létí láàrin wákàtí 72. Bí ewu náà bá pọ̀, kí wọ́n sọ fún àwa náà lọ́gán.

Ẹ̀yin náà, ẹ má sọ nọ́ńbà àṣírí yín fún ẹnikẹ́ni, bó tilẹ̀ ní òṣìṣẹ́ báńkì ni òun.

Ìbéèrè: Wákàtí mélòó ni òfin fún ilé-iṣẹ́?