Òkè Wa àti Ohùn Àgbà

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ní 1985 ni Dick Bass, ará Amẹ́ríkà, gun òkè tó ga jù lọ ní kọ́ńtínẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan tán. Everest ni ó fi kádìí rẹ̀. Ní 1996, David Breashears àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kámẹ́rà ńlá dé góńgó Everest. Fíìmù wọn jáde ní 1998.

Àwa ọmọ Èkìtì ńkọ́? Àwọn àgbà ní ara ‘òkìtì’ ni orúkọ wa ti jáde. Mo ti Ọ̀yẹ́ lọ wo àpáta Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́. Bàbá arúgbó kan ki oríkì rẹ̀ fún mi. N kò mú ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ dání. Kí n tó padà lọ, bàbá ti papò dà.

Àpáta ṣì wà. Oríkì ti bá bàbá lọ. Ẹ jẹ́ kí a tètè gba ohùn àgbà sílẹ̀.