Àáró, Ọ̀wẹ̀ àti Ẹgbẹ́ Ìrànlọ́wọ́

Kò sí ìlú tí a lè rán olùkọ́ lọ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, ìbáà ṣe Òmù-Àrán tàbí Ẹ̀sìẹ́, tí kò ní bá ẹgbẹ́ níbẹ̀. Ẹgbẹ́ ọkùnrin wà, ẹgbẹ́ obìnrin wà. Ti ìjọ wà, ti ìlú sì wà. Kò sì ní pẹ́ tí wọn yóò fi tọ olùkọ́ náà wá pé kí ó ṣe akọ̀wé àwọn, nítorí pé ó mọ ìwé. Nítorí náà ó yẹ kí àwa tí a ń múra fún iṣẹ́ yìí lè fi ìyàtọ̀ sáàárín ẹgbẹ́ tí ń ran ara rẹ̀ lọ́wọ́ àti ẹgbẹ́ tí ń ran ìlú lọ́wọ́. Àwọn méjèèjì dára, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tí Òmù-Àrán jẹ́ olú-ìlú rẹ̀ ni Ìrẹ́pọ̀dùn. Aládùúgbò rẹ̀ sì ń jẹ́ Ìfẹ́lódùn. Orúkọ wọ̀nyí dára púpọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ nìkan kò lè ro oko opó. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí àwọn baba wa ti ń ṣe é.

1. Àáró. Èyí ni pé kí àwọn àgbẹ̀ bíi mẹ́fà, tí agbára wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, parapọ̀ láti máa ro oko ara wọn yípo. Lónìí wọ́n wà ní oko Lágbájá, lọ́jọ́ mìíràn wọ́n wà ní oko Tàmẹ̀dò. Ẹni tí a bá ro tirẹ̀ ti jẹ gbèsè, kò sì ní bọ́ nínú rẹ̀ títí yóò fi ro ti gbogbo àwọn yòókù. Ọgbọ́n ńlá ni èyí, nítorí pé koríko kì í dúró de ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ tí ì bá sú ẹnìkan a sì di orin lẹ́nu ènìyàn mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní agbára láti san án padà kò lè wọ inú rẹ̀: opó kò lè wọ̀ ọ́, arúgbó kò lè wọ̀ ọ́, aláìsàn kò sì lè wọ̀ ọ́.

2. Ọ̀wẹ̀. Bí ẹnìkan bá ní iṣẹ́ ńlá, bíi kí ó mọ ilé tàbí kí ó bo òrùlé, yóò pe ẹbí, ọ̀rẹ́ àti àna rẹ̀ jọ fún ọjọ́ kan. Òun ni yóò pèsè oúnjẹ àti ohun mímu. Ọkọ ìyàwó a sì máa kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sí oko bàbá ìyàwó rẹ̀ lọ́nà báyìí. A kì í ka ọjọ́ nínú ọ̀wẹ̀ bí a ti ń kà á nínú àáró. Síbẹ̀síbẹ̀, ẹni tí kò ní ènìyàn, tàbí tí kò ní ohun tí yóò sè, kò lè pe ọ̀wẹ̀.

3. Ẹgbẹ́ ìrànlọ́wọ́. Ibi tí àáró àti ọ̀wẹ̀ parí sí ni iṣẹ́ irú ẹgbẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ó wà fún ẹni tí kò lè san án padà, àti fún ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, tí kò sì ní olówó kan pàtó.

Àpẹẹrẹ kan wà láti òkèèrè tí yóò yé wa dáadáa. Ní ọdún 1905, ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, agbẹjọ́rò kan tí ń jẹ́ Paul Harris àti àwọn mẹ́ta mìíràn dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀. Wọ́n ń pàdé yípo ní ọ́fíìsì ara wọn, nítorí èyí ni wọ́n fi pe ẹgbẹ́ náà ní Rotary, èyí tí í ṣe alárìnyípo. Ẹ kò ha rí i pé ó jọ àáró? Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọjà ara wọn ni wọ́n ń rà. Ṣùgbọ́n láìpẹ́ wọ́n gbé ojú wọn sí ìta, iṣẹ́ ìlú tí wọ́n sì kọ́kọ́ dáwọ́ lé ni ìgbìyànjú pé kí a kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ní ìgboro. Ní ọdún 1961 ẹgbẹ́ náà dé Nàìjíríà. Ní 1985 wọ́n dojú kọ àrùn rọpárọsẹ̀ ní gbogbo ayé. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé oríṣi àtilẹ̀wá àrùn náà ti kúrò ní ẹkùn Áfíríkà, Nàìjíríà ni ó sì gbẹ̀yìn nínú àwọn tí ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tí ó fi owó àti àkókò wọn sílẹ̀ kò mọ orúkọ àwọn ọmọ tí ó ń rìn lónìí nítorí wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé, kí a wo ọ̀ràn sòbìà, nítorí Kwara wà lára àwọn ibi tí ó ti jà. Ẹni tí ó bá mu omi adágún tí ó ní kòkòrò tíntín tí ó gbé ọmọ sòbìà kì í mọ̀ ọ́n títí di bí ọdún kan; nígbà náà ni aràn gígùn náà yóò dá egbò sí i, lẹ́sẹ̀ nígbà púpọ̀, tí yóò sì máa yọ jáde díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá ki ẹsẹ̀ náà bọ omi kí ó lè tù ú, aràn náà yóò tú ọmọ rẹ̀ sínú omi, àwọn ẹlòmíràn yóò sì mu ún. Ìwádìí tí a ṣe yíká Nàìjíríà ní 1987 sí 1988 rí ju 650,000 ènìyàn tí ó ní in. Kò sí òògùn tí ń pa á. Ohun tí ó ṣẹ́gun rẹ̀ ni kí a fi aṣọ sẹ́ omi, kí a gbẹ́ kànga, kí aláìsàn má sì ṣe wọ inú omi. Ní abúlé púpọ̀, àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn ni wọ́n yọ̀ǹda ara wọn láti wá aláìsàn rí, láti kọ orúkọ sílẹ̀ àti láti kọ́ni. Ọdún 2008 ni a rí èyí tí ó kẹ́yìn ní ilẹ̀ wa. Ní 2013 a fi ọwọ́ sí i pé ó ti tán.

Ẹ kíyè sí i: àáró kò lè lé sòbìà, nítorí adágún kì í ṣe oko ẹnìkan. Bí ogún ilé bá sẹ́ omi wọn, tí arúgbó kan tí kò ní ẹni tí yóò pọnmi fún un sì gbé egbò rẹ̀ wọ inú omi, àrùn yóò tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò lè san án padà náà gan-an ni ìlera gbogbo ìlú wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ère òkúta Ẹ̀sìẹ́, tí iye wọn ju 1,000 lọ. Ní 1933, H. G. Ramshaw, alábẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ C.M.S., pe àkíyèsí ayé sí wọn, ní 1945 a sì kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé síbẹ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ń gba owó oṣù tó dé ibẹ̀, àwọn ará ìlú ti ń tọ́jú wọn nínú igbó. Bí ẹ̀sìn wa kò tilẹ̀ bá tiwọn mu, ẹ̀kọ́ ìṣọ́ra fún ohun gbogbo ènìyàn wà níbẹ̀.

Ǹjẹ́ kí ẹgbẹ́ má jẹ, kí ó má mu, kí ó má kọrin? Rárá o. Ènìyàn bo ni lára ju aṣọ lọ. Nídìí ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ ni onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí ti ń di ọ̀rẹ́ ara wọn, tí àlejò sì ń di ọmọ ìlú. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí owó aṣọ rẹ̀ pọ̀ ju owó tí ó ń ná sórí iṣẹ́ lọ ti gbàgbé ìdí tí a fi dá a sílẹ̀. Ẹni tí kò sì lè ra aṣọ náà yóò máa fà sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni òun gan-an lè jẹ́ ẹni tí ó yẹ kí a ràn lọ́wọ́.

Olùkọ́ tí ó bá di akọ̀wé lè fi ohun mẹ́ta wọ̀nyí sọ́kàn:

(a) Kí ó máa kọ ọjọ́, iṣẹ́ àti ẹni tí a ṣe é fún sínú ìwé. Bí ẹgbẹ́ bá ní ènìyàn 24, tí olúkúlùkù sì fi ìdajì ọjọ́ sílẹ̀ lóṣù, iṣẹ́ ọjọ́ 144 ni lọ́dún. Kí ó ka orúkọ náà sókè ní òpin ọdún. Bí ó bá jẹ́ orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ni ó wà níbẹ̀, àáró ni wọ́n ń ṣe; kí wọ́n pè é bẹ́ẹ̀.

(b) Kí a béèrè lọ́wọ́ ẹni tí a fẹ́ ràn lọ́wọ́ kí a tó gbé ọkọ́. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó wù wá láti ṣe ni ó jẹ ẹ́ lógún, ìtìjú a sì máa dun ni ju ebi lọ.

(d) Kí oúnjẹ wá lẹ́yìn iṣẹ́, kí ó sì ti ọwọ́ ẹgbẹ́ wá, kì í ṣe láti inú ìkòkò ẹni tí a wá ràn lọ́wọ́.

Ẹlòmíràn yóò wí pé ọ̀lẹ ni irú ìrànlọ́wọ́ báyìí ń sọni dà. Ṣùgbọ́n arúgbó tí a ro oko fún ti ro oko rí nígbà tí ó ní agbára, opó kò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ọkọ rẹ̀. Olúwa wa pẹ̀lú, nínú ẹ̀kọ́ tí ó wà ní Lúùkù orí kẹrìnlá, kọ́ wa láti pe ẹni tí kò lè pè wá padà sí ibi àsè.

Nítorí náà, nígbà tí a bá dé ibi tí a rán wa lọ, kí a tó béèrè ẹgbẹ́ tí aṣọ rẹ̀ dára jù, ẹ jẹ́ kí a béèrè pé: Ta ni ó wà ní ìlú yìí tí kò lè san àáró, tí kò sì lè pe ọ̀wẹ̀?