Bàtà Àwìn Lẹ́sẹ̀ Ọmọ

Aṣọ ńlá kọ́ lènìyàn ńlá. Kò sí ọmọ Yorùbá tó ń béèrè àlàyé lórí ìyẹn. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwa tí a mọ òwe náà dunjú la tún ń fi àwìn ra bàtà fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

Ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Deptford High Street ní Lọ́ńdọ̀nù, mo rí ìyá kan tó na káàdì gáàsì sí ọlọ́jà pé kó bá òun fi pọ́n-ùn 5 sí i. Ọmọ rẹ̀ dúró tì í nínú bàtà Nike tuntun. Ó ń gbẹ́sẹ̀ pẹrẹsẹ, kò jẹ́ kí ìka ẹsẹ̀ tẹ̀, kí iwájú bàtà má baà hunjọ. Bàtà eré ìdárayá nìyẹn o, ọmọ kò sì lè fi sáré! Ìyá wà lórí fóònù, ó ń bẹ àbúrò rẹ̀: "Jọ̀ọ́, yá mi ní ogún pọ́n-ùn. Wọ́n máa yọ owó bàtà yẹn lọ́la, ó ṣì ku ẹ̀ẹ̀mejì." Ó dùn mí wọra.

Kí là ń rà gan-an? Àmì Nike tó tẹ̀ bíi dòjé yẹn, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Amẹ́ríkà, Carolyn Davidson, ló yà á ní 1971. Dọ́là 35 ni wọ́n kọ́kọ́ san fún un. Lónìí, àmì yẹn ló ń mú ọmọ sunkún nínú ṣọ́ọ̀bù. Ìpolówó àti àwọn agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n ń sanwó fún láti wọ̀ ọ́ ti jẹ́ kí ọmọ gbà pé ẹni tí kò ní in kò tíì tó èèyàn láàárín ẹgbẹ́. Òbí náà gbà á gbọ́, ó fọwọ́ tẹ fóònù, wọ́n sì pín gbèsè fún un sọ́nà mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ ọmọ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Kò ní pẹ́ tí bàtà á fi fún mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Dípò bẹ́ẹ̀, ẹ mú ọmọ lọ sí Douglas Way ní Ọjọ́rú, Ọjọ́ Ẹtì tàbí Sátidé, tí wọ́n ń ná ọjà Deptford. Ẹ jẹ́ kó yí bàtà wò, kó tẹ àtẹ́lẹ̀ rẹ̀, kó wo ojú rírán. Ẹ sọ iye tó wà lọ́wọ́ yín fún un, kó fúnra rẹ̀ yàn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án gbọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ n kò lè bá òwe aṣọ ńlá yẹn dé òpin. Ta ni nínú àwọn ìyá wa tó ń ra àǹkárá Hólàndì láì wo ohun tí wọ́n kọ sí etí aṣọ? Iléeṣẹ́ Vlisco tó ń ṣe é ti wà ní Helmond ní Hólàndì láti 1846, àwọn obìnrin wa sì mọ ìdí tí wọ́n fi ń wá orúkọ yẹn: aró rẹ̀ kì í tètè ṣí, aṣọ náà ṣeé tọ́jú sínú àpótí fún ọmọ. Àwọn àgbà kan náà ló ní aṣọ là ń kí ká tó kí ènìyàn, òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Ọmọ tí wọ́n ń fi bàtà ṣẹ̀sín ní kíláàsì, òwe kò ní gbà á sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá wa níbí ló ń fi òru nu ọ́fíìsì kí ẹnikẹ́ni má baà fojú di ọmọ wọn. Ìfẹ́ ni, n kò ní pè é ní àṣejù.

Nítorí náà, ẹ̀yin àgbà ìjọ, ẹ yé fi òwe bá àwọn ìyá wọ̀nyí wí. Ẹ bá wọn dá àjọ sílẹ̀, bí a ti ń dá a nílé, kí kálukú máa dá ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ gbé lóṣooṣù lẹ́yìn tó bá ti san owó gáàsì àti owó ilé. Ọjọ́ tí àjọ bá kan ìyá kan, tó bá sì jẹ́ Nike ló wù ú, kó lọ fowó ọwọ́ rẹ̀ rà á.