Chipset Tó Ń Gbóná: Ibo Ni Ooru Há Sí?

Bí kọ̀ǹpútà orí tábìlì bá ń kú lójijì lórí iṣẹ́ àṣekágbá yín, ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà fáìlì yín sórí fúláàṣì. Kí ẹ tó ra motherboard tuntun, ẹ yẹ chipset wò: òun ni alárinà láàrin CPU àti USB, SATA àti àwọn ẹ̀yà mìíràn.

Ẹ fi HWiNFO ka ìwọ̀n ooru rẹ̀. Bí ó bá dúró sí 127°C láìyẹsẹ̀, àní ní kété tí ẹ tan ẹ̀rọ tó ti tutù, sensọ̀ ló ń parọ́.

Bí ó bá ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ wáyà iná, ẹ fọwọ́ kan irin késì kí iná ara yín má baà ba nǹkan jẹ́, kí ẹ tó rọra fọwọ́ ba heatsink orí chipset.

Bí heatsink bá gbóná gan-an, ooru ń dé ibẹ̀, kò rọ́nà jáde ni. Ẹ gbọn eruku, ẹ wò bóyá fáànù ń yí.

Bí ó bá tutù, ooru kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀: thermal paste ti gbẹ, tàbí pín tó dì í mú ti tú. Ẹ fi isopropyl alcohol nu èyí tó gbẹ, ẹ fi tuntun bíi hóró ìrẹsì kan sí i, ẹ dè é padà ṣinṣin, kí ẹ sì tún ìwọ̀n ooru kà. Owó thermal paste kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó motherboard.